Ibi Tí Ìyá Àgbà Ń Sùn Sí

"Ẹ̀gbọ́n mi, níbo ni wọ́n sùn lánàá?"

Ìbéèrè tí Àbíkẹ́yìn máa ń kọ́kọ́ bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn, ní gbogbo ọ̀sán tí ẹ̀gbọ́n náà bá wá kí i ní ilé ìwòsàn. Aṣọ funfun ni wọ́n fi di ojú ọmọ náà méjèèjì. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ni ohun kan bí èéfín ti bo ẹyinjú rẹ̀, tí kì í rí ju òjìji lọ. Dókítà ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì ní ojú náà gbọ́dọ̀ wà ní dídì títí di ọjọ́ Jímọ̀.

"Ilẹ̀ náà ni," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn. "Wọ́n kó ara wọn jọ sí igun bí ìdì òwú."

"Ṣé koríko wọn gbẹ?"

"Ó gbẹ ju aṣọ tí màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ lọ."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ìyá wọn, aránṣọ, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan. "Ọmọ yìí kò bèèrè bóyá èmi sùn," ló wí. "Ọ̀rọ̀ adìẹ rẹ̀ ló ń bèèrè."

Sílíkì ni wọ́n ń pe irú adìẹ bẹ́ẹ̀. Ìyẹ́ wọn rọ̀ bí òwú, ó ṣù bo ojú wọn, ìyẹ́ apá wọn kò sì lágbára tó lè gbé wọn fò. Nítorí náà wọn kì í bà lé ọ̀pá bí adìẹ yòókù. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, inú koríko gbígbẹ nílẹ̀ ni wọ́n máa ń wá, wọn á sì rọ́ mọ́ ara wọn. Bàbá wọn, awakọ̀ tó ń rin ọ̀nà jíjìn, ló kó wọn wálé fún Àbíkẹ́yìn, kí ọwọ́ rẹ̀ lè rí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ni ọmọ náà sọ ní Ìyá Àgbà.

"Òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí," ló máa ń wí. "Lẹ́yìn màmá ṣá o."

Kí ó tó lọ sí ilé ìwòsàn, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó fi kan koríko inú ilé adìẹ. "Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lálaalẹ́. Ẹ fi dí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn pẹ̀lú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣèlérí.

Akọ̀wé ni gbogbo ilé ń pe ẹ̀gbọ́n yìí, nítorí ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdánwò àṣejáde ló ń ṣe, ìṣirò sì ni wọn yóò ṣe ní ọjọ́ Wẹ́sídeè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò, tí wọ́n ń pè ní Káfíńtà Kékeré, wá sílé wọn kí àwọn méjèèjì lè jọ kàwé. Ó bá a níbi tó ti ń tẹ́ koríko.

"Akọ̀wé, o ti di ọmọ ọ̀dọ̀ adìẹ," ló wí. "Ṣé kí n bá ọ wá ìrọ̀rí fún wọn?"

"Jẹ́ kí n tètè parí."

"Adìẹ wo ló ń sùn nílẹ̀ bí ewúrẹ́? Ọ̀pá ni adìẹ ń bà lé. Ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Kó gbogbo koríko yìí dànù, fi omi ṣan ilẹ̀, ó parí. Títí ìdánwò á fi tán, o ò ní tẹ́ nǹkan kan mọ́."

Akọ̀wé rántí ohùn àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún wo ìwé ìṣirò tó dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ọmọdé ni, kí ló mọ̀?" ló wí nínú ara rẹ̀. Wọ́n kó koríko dànù, àti ti ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn pẹ̀lú. Káfíńtà Kékeré lọ gbé ọ̀pá náà wá, wọ́n kàn án mọ́ ògiri ilé adìẹ méjèèjì, Akọ̀wé sì ń gbé àwọn adìẹ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀, á fi ọwọ́ tì í padà, títí òkùnkùn fi kùn tí gbogbo wọn fi dákẹ́.

"Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ," Káfíńtà Kékeré wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àgbà wà ní ìpẹ̀kun ọ̀pá, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Akọ̀wé rí i. Ó ti ilẹ̀kùn.

Wọn kò tíì ka ìwé jìnnà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù. Akọ̀wé rántí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó sì dìde.

"Jókòó," ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Orí ọ̀pá ni wọ́n wà. Omi kì í gun ọ̀pá."

Ó jókòó.

Ní òwúrọ̀, kò sí adìẹ kankan lórí ọ̀pá náà. Gbogbo wọn ti já bọ́ nínú òkùnkùn, wọ́n sì ti wá ilẹ̀ tí wọ́n mọ̀ lọ, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí kò sí koríko lórí rẹ̀. Ìyá Àgbà wà ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, apá rẹ̀ méjèèjì nà sílẹ̀, omi tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé sì ti rin ín gbingbin. Ìyẹ́ tó dà bí òwú, bí òwú náà ló ṣe fa omi. Ó ti gan. Àwọn tó kù ń gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà láàyè.

Akọ̀wé sin ín sí ẹ̀yìn ilé, ó sì lọ ṣe ìdánwò. Bó ti ń wo ìbéèrè, ìyẹ́ tútù ló ń rí.

"Òjò rọ̀ lánàá," Àbíkẹ́yìn wí ní ọ̀sán ọjọ́ náà. "Níbo ni wọ́n sùn?"

"Nínú koríko wọn."

"Ìyá Àgbà ń kọ́?"

Akọ̀wé kò dúró rí láti wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sùn sí. Ibi tó rò pé ó dára jù ló mú. "Àárín ló sùn. Ibẹ̀ ló móoru jù."

"Àárín," ọmọ náà wí. Ó yí ojú sí ògiri. Akọ̀wé rò pé oorun ló ń kùn ún.

Ní ọjọ́ kejì, Àbíkẹ́yìn kò bèèrè nǹkan kan.

"Kí ló ń dà ọ́ láàmú?" Káfíńtà Kékeré bi í nígbà tí wọ́n pàdé lójú ọ̀nà. "Ẹni tó ń ta irú adìẹ yín wà lẹ́yìn ọjà, ra òmíràn. Funfun ni gbogbo wọn. Ọmọ tí kò rí i rí, báwo ló ṣe máa mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Akọ̀wé lọ́kàn, nítorí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe náà nìyẹn: aṣọ ojú ọmọ náà ló fi ṣe ibi ìsápamọ́. Ó lọ sílé. Nígbà tó kúnlẹ̀ láti gbàdúrà ìrọ̀lẹ́, ojú tì í. Ó rántí pé kò sí aṣọ lójú Ọlọ́run.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, nọ́ọ̀sì ti mú sísọ́ọ̀sì dání láti tú aṣọ ojú ọmọ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dúró díẹ̀," Akọ̀wé wí. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì àbúrò rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: ọ̀pá, koríko, òjò, ibojì ẹ̀yìn ilé. Kò dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Èmi ni mo ṣe é. Mo sì tún parọ́ fún ọ."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ ìyá wọn.

"Mo mọ̀," Àbíkẹ́yìn wí.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ ní àárín ló sùn. Ìyá Àgbà kì í sùn láàárín. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni, kí atẹ́gùn má baà fẹ́ sí àwọn tó kù. Lálaalẹ́ ni mo máa ń fi ọwọ́ wá a níbẹ̀." Ó di aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú. "Nọ́ọ̀sì ní kí n má sunkún nítorí ojú mi. Mo gbìyànjú. Mo kàn ń dúró pé kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ fún mi."

Akọ̀wé gbé orí lé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ lé e léjìká. "Ọ̀rọ̀ tí o sọ yìí pẹ́," ló wí, "ṣùgbọ́n ó dé. Dìde."

Àbíkẹ́yìn na ọwọ́ títí ó fi kan orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u," ló wí. "Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn màmá ṣá o."

Nígbà tí ọmọ náà padà sílé, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jọ tẹ́ koríko tuntun. Wọ́n ti yọ ọ̀pá náà kúrò. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, àwọn adìẹ wọlé, wọ́n sì rọ́ mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣófo. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn kékeré dìde láti àárín, ó lọ dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Àbíkẹ́yìn fi ojú ara rẹ̀ rí i. Akọ̀wé sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki koríko sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, títí ó fi dí pinpin.

Akọ̀wé fìdí rẹmi nínú ìṣirò lọ́dún náà, ó sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó kọ́ kò sí nínú ìwé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tí a bá fi lé wa lọ́wọ́, bó ti wù kó kéré tó, kì í kéré lójú ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé wa. Bí a bá kùnà nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a fi irọ́ bò ó, nítorí ẹni tí kò ríran náà ní ọ̀nà tó fi ń mọ òtítọ́. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ ni àánú ń bá nílé.