Ojú Ewé Màmá Dorothy

Ẹsẹ̀ lásán ni Rachel kọ́kọ́ rí. Òjò oṣù Keje ọdún 1999 ń rọ̀ kíkankíkan sí Ìlọrà, iná ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì ń ká aṣọ kúrò lórí kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó gbójú sókè, ọkùnrin gíga kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún di nǹkan kan tí ó fi ọ̀rá wé mọ́ àyà.

"Ẹ wọ bàtà yín, ọ̀gá. Ilé ìjọsìn kọ́ nìyí."

"Wọ́n ní alàgbà ìjọ Aládùúrà ló ni ín. Mo ní kí n má lọ tẹ ilẹ̀ mímọ́."

"Ilẹ̀ tí ẹ tẹ̀ yìí, èmi ni mo nù ún láàárọ̀. Ẹ ti sọ ọ́ di ẹrẹ̀."

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú tì í, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá Rachel. Mo tètè ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé kọ̀ǹpútà ló fa ìfẹ́ wọn.

Sìrájù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ olóko ọsàn ní Fìdítì, tíṣà ìṣirò. Síídì kan tí ètò kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀ ni ó fi ọ̀rá wé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fún un ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n kò ní kọ̀ǹpútà tí yóò fi dán an wò.

Kọ̀ǹpútà mẹ́ta wà ní ṣọ́ọ̀bù náà, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Alàgbà Ayọ̀délé, bàbá Rachel, ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé kí ó tó fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló sì fi ra ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kọ̀ǹpútà kì í ṣiṣẹ́ láìsí ètò tí ń darí rẹ̀, ẹ̀dà tí wọ́n jí dà kọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń lò lágbègbè náà. Alàgbà kọ̀. Ó lọ sí Ìbàdàn, ó ra ètò tí wọ́n ń pè ní Wíńdòsì lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á. Ẹni náà ṣàlàyé fún un pé ọ̀kan wà fún ilé, ọ̀kan wà fún ọ́fíìsì, ọ̀kan wà fún ẹ̀rọ tí yóò ṣe olórí àwọn yòókù, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Ti ilé ni apá Alàgbà ká, ẹyọ kan. Kọ̀ǹpútà méjì tó kù wà lábẹ́ aṣọ bí òkú tí ẹbí kò tíì rówó sin.

"Líńúsì ni wọ́n ń pè é," ni Sìrájù wí nígbà tí Alàgbà jáde láti yàrá ẹ̀yìn. "Ọ̀kan náà lè ṣiṣẹ́ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bàbá. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ta ló jí i?"

"Kò sẹ́ni tó jí i. Àwọn tó ṣe é ló ní kí a dà á kọ, kí a fún aládùúgbò, kí ẹni tó bá lè tún un ṣe tún un ṣe."

"Ohun ọ̀fẹ́ wo ló dára láyé yìí?"

"Igi gbágùúdá ńkọ́, bàbá? Ta lẹ fowó ra tiyín lọ́wọ́ rẹ̀?"

Alàgbà fa àga kan, ó jókòó. Ní ilẹ̀ Afijió, bí aládùúgbò bá ti wa gbágùúdá rẹ̀ tán, ẹ ó bẹ̀ ẹ́, yóò gé igi fún yín kí ẹ lọ gbìn. Ẹni tó bá gbowó lé e, wọn yóò fi ṣẹ̀sín.

"Oríṣi mélòó ló wà?" ni ó bèèrè.

"Wọn kò lóǹkà. Oníkálukú ń tún tirẹ̀ ṣe, ó sì ń fún un lórúkọ. Ṣùgbọ́n gbágùúdá ni gbogbo wọn."

Alàgbà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí Rachel ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn, láti ìgbà tí dókítà ti sọ pé ojú bàbá náà méjèèjì yóò fọ́ kí ọdún tó yí po.

Báyìí ni kọ̀ǹpútà méjì jí dìde. Gbogbo Sátidé ni Sìrájù ń ti Fìdítì wá, tòun ti ọsàn nínú àpò. Ó ń kọ́ Rachel níṣẹ́, Rachel ń bó ọsàn fún un.

"Ọsàn yín kan," ni Rachel wí lọ́jọ́ kan.

"Èyí tó dùn kù sílé. Ìwọ ni mò ń rò, n kò mọ èyí tí mo ń já."

"Irọ́ tíṣà nìyẹn."

"Tíṣà ìṣirò kì í purọ́, ìfẹ́ mi. Fẹ́ mi."

Rachel jẹ ọsàn kíkan náà tán. Ẹ̀sìn kọ́ ni wàhálà wọn. Mùsùlùmí àti kìrìsìtẹ́nì jọ ń jẹun nínú ìdílé méjèèjì. Wàhálà wọn wà nínú kọ̀ǹpútà kìn-ín-ní, èyí tó ń lo Wíńdòsì.

Ohun kan ṣoṣo ni Alàgbà fẹ́ fojú ara rẹ̀ kà kí ojú náà tó lọ: ìwé ìtàn ìdílé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Màmá Dorothy ará Akinmọ́rìn, nìkan ló mọ gbogbo rẹ̀ tán: bí ìyá wọn àgbà ṣe dé ilẹ̀ náà, ọmọ tó sin sọ́nà, àti orin tó fi ń rẹ èyí tó kù. Màmá ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ń sọ ọ́, Rachel ń tẹ̀ ẹ́. Lóṣù Kẹfà, kí Sìrájù tó dé, Màmá kú. Wọn kò tíì tẹ ewé kan jáde sórí bébà, nítorí Rachel kò tíì tún un tò tán, Alàgbà, òǹtẹ̀wé àtijọ́, kò sì gbà kí ìwé jáde láàbọ̀.

Lóṣù Kẹjọ, iṣẹ́ ńlá kan ń bọ̀ láti Jóbẹ̀lẹ́, ó sì di dandan kí kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa bára wọn ṣiṣẹ́. Sìrájù fẹ́ fi Líńúsì sínú ti kìn-ín-ní. Èyí yóò nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ nù.

"Ṣé o ti da ìwé bàbá sínú dísìkì?"

"Mo ti dà á."

"Rachel, ṣé ó dá ọ lójú?"

"Àbí kí n búra?"

Sìrájù tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" lórí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ parí ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí Rachel ti dísìkì bọnú ẹ̀rọ, kò sí ìwé níbẹ̀. Àwòrán kékeré tó wà lójú kọ̀ǹpútà, èyí tó ní ọfà lára, tí èèyàn ń tẹ̀ kí ìwé tó ṣí, òun ni ó dà kọ. Ó ti rò pé ìwé náà ni. Àpèjúwe ọ̀nà ilé ló mú dání, wọ́n sì ti wó ilé.

Alàgbà ń fọwọ́ táràrà bọ̀ lára ògiri. "Kí ló dé tí ẹ dákẹ́?"

Kí Rachel tó lanu, Sìrájù ti sọ̀rọ̀. "Ìwé Màmá ti nù, bàbá. Èmi ni mo nù ún. N kò bèèrè dáadáa."

Alàgbà kò pariwo. "Ohun ọ̀fẹ́," ni ó wí. "Jáde. Bí o bá tún tẹ ilẹ̀ yìí, kí Ọlọ́run dá sí i."

Sìrájù wo Rachel lẹ́ẹ̀kan, ó gbé bàtà rẹ̀, ó jáde. Rachel kò sọ nǹkan kan.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Rachel wá a lọ sí Fìdítì. Ó bá a létí títì, níbi tí wọ́n ti ń to ọsàn fún àwọn arìnrìn-àjò. Sìrájù ti gbẹ. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ló ń gun ọ̀kadà lọ sí Akinmọ́rìn, Awẹ́ àti Jóbẹ̀lẹ́, tí ó ń bi àwọn àgbà ìdílé Rachel ní ohun tí wọ́n bá rántí.

"Ti ẹnì kan kò bá ti ẹnì kejì mu," ni ó wí.

"Èwo lo wá kọ?"

"Gbogbo rẹ̀. Mo kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Onílíńúsì ń ṣe."

Rachel bú sẹ́kún. "Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún bàbá."

"Ìwọ ni ojú tó kù fún un. Bí kò bá gbà ọ́ gbọ́ mọ́, ta ni yóò mú un rìn?"

Rachel padà sílé, ó sì dákẹ́. Èmi kò ní gbèjà rẹ̀. Ó pe ìdákẹ́ náà ní ìgbọ́ràn sí olólùfẹ́, ṣùgbọ́n ìtìjú ni.

Ọyẹ́ ti mú nígbà tí Sìrájù padà wá, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọdún parí. Alàgbà jókòó lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, Rachel wà nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn rẹ̀. Kò rí nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lásán.

"Ta lẹni tí kò wọ bàtà yẹn?"

"Èmi ni, bàbá. Mo gbé ìwé yín wá. Ẹ jẹ́ kí n kà á, lẹ́yìn náà kí ẹ lé mi."

Alàgbà tẹ́tí sí i. Sìrájù kà á fún bíi wákàtí kan: ti ará Awẹ́, ti ará Jóbẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ta kora. Lẹ́yìn náà ó dúró.

"Ṣé ó tán?"

"Kò tán, bàbá. Ojú ewé tó kàn ṣófo. Ti Màmá Dorothy ni. Orin náà, n kò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n."

"Afọ́jú ni mí. Ò bá hun orin kan, n kò ní mọ̀."

"Ẹ kò ní mọ̀, bàbá."

Rachel kúnlẹ̀. "Bàbá, Sìrájù kọ́ ló nù ún. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni n kò dà á kọ dáadáa."

Alàgbà yí ojú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá. "Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń gbàdúrà lòdì sí ọmọ ọlọ́mọ," ni ó wí. "Ìwọ lo ń ṣe àmín."

Rachel ń sunkún, kò sẹ́ni tó rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Alàgbà na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́ títí ó fi bá orí ọmọ rẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀.

"Ojú ewé yẹn, ẹ má kọ nǹkan kan sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín. Rachel, mú bírò. Ṣí èyí tó tẹ̀lé e."

"Mo ti ṣí i, bàbá."

"Kọ ọ́ pé: Rachel ọmọ Ayọ̀délé, Sìrájù ará Fìdítì ni ọkọ rẹ̀."

Rachel gbé bírò sójú ewé náà. Sìrájù bá a di bírò mú.

"Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sísàlẹ̀," ni Alàgbà wí, "bí ẹ ti ń ṣe é."

Wọ́n kọ ọ́: Ayọ̀délé ló sọ ọ́. Alàgbà ní kí wọ́n kà á sí òun létí, wọ́n kà á. Ó ní kí wọ́n tún un kà.