Ìràwọ̀ Onígun Mẹ́fà Tó Wà Lára Fìlà Jímọ́ọ̀

Ọyẹ́ mú gan-an ní Ouagadougou ní ọdún 1956, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe Mariama. Ó ti gbálẹ̀ iwájú ilé wọn ní àdúgbò Paspanga, ó ti fún àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ mu, ó sì ti to àwọn fìlà ọmọdé tó fọwọ́ rán sórí tábìlì. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀, Sàláwù, ti mú un wá láti Kétu. Bí òtútù bá ti dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ìyá ọmọ, Nàgó àti àwọn Mossi onílẹ̀, máa ń wá.

Ìyẹn ni kí Albertine tó dé. Opó ni Albertine, ọmọ Àjàṣẹ́, ó gba yàrá kan ní òdìkejì ọ̀nà, òun náà sì ń rán fìlà ọmọdé. Ọwọ́ rẹ̀ dára ju ti Mariama lọ. Mariama mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó sì ń dùn ún jù nìyẹn. Ó máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo àwọn oníbàárà rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọdá títì lọ bá Albertine. Lọ́jọ́ tí Sàláwù fúnra rẹ̀ mú ọ̀kan nínú àwọn fìlà náà, tó yí i wò, tó ní, “Obìnrin yìí mọṣẹ́ o,” Mariama kò lè jẹun.

Láàárọ̀ tí à ń wí yìí, Ramatou, àbúrò Sàláwù, pọn Jímọ́ọ̀ ọmọ rẹ̀ wọlé. Fìlà funfun tuntun wà lórí ọmọ náà, wọ́n fi òwú búlúù ṣe ìràwọ̀ sí i níwájú.

“Ẹ káàárọ̀ o, ọkọ mi,” ni Mariama wí. Ojú rẹ̀ ti lọ sórí fìlà. “Níbo lẹ ti ra èyí?”

“Ọ̀dọ̀ Albertine ni. Má bínú, ìyàwó wa. Tìrẹ náà dára, ìràwọ̀ yìí ló wù mí.”

Àfi bí ẹni pé wọ́n ta ata sí Mariama lójú. Ó ka igun ìràwọ̀ náà, ó jẹ́ mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rò ó.

“Ìràwọ̀ tí mo mọ̀, igun márùn-ún ló ní. Onígun mẹ́fà yìí, àwọn àjẹ́ ló ni ín. Wọ́n fi ń sàmì sí ọmọ tí wọ́n bá fẹ́ mú ni.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ta ni kò mọ̀ ọ́n?”

Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mariama ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀ níbẹ̀. Ramatou já fìlà náà kúrò lórí ọmọ, inú Mariama sì dùn.

Èéyi ń jà láàárín àwọn ọmọdé Paspanga lásìkò náà. Kò pẹ́ tí ara Jímọ́ọ̀ fi gbóná, ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ sì sú. Ramatou figbe ta pé ìràwọ̀ ti mú ọmọ òun. Ọ̀rọ̀ náà dé ibi ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin sì gbé e kiri. Wọ́n kó fìlà tí wọ́n ti rà wá, wọ́n dà á sẹ́nu ọ̀nà Albertine. Ẹnì kan fi èédú ya ìràwọ̀ ńlá sára ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣi ilé náà mọ̀.

Albertine jáde sí wọn. “Ẹ̀yin ìyá, kí ni mo ṣe? Onígun mẹ́ta méjì ni mo gbé lé ara wọn, ọ̀kan kọjú sókè, èkejì kọjú sílẹ̀. Àwọn sísítà ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ló kọ́ mi. Ìràwọ̀ Kérésìmesì là ń pè é.” Ó rí Mariama láàárín wọn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ń ránṣọ. Ẹ bá mi sọ fún wọn.”

Mariama gbójú sápá kan. Lọ́jọ́ náà, fìlà rẹ̀ tà.

Ramatou sun fìlà ọmọ rẹ̀ níná, ṣùgbọ́n kò gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní kí ni òyìnbó mọ̀ nípa àjẹ́? Nígbà tí Mariama lọ wò wọ́n, ó rí i bí ọmọ náà ṣe ń mí gúlegúle, tí ìhà rẹ̀ ń wọlé, tó ń jáde. Ó fẹ́ sọ pé irọ́ ni òun pa. Ó tún rò ó pé bí òun bá sọ ọ́, àwọn oníbàárà á sọdá padà. Ó padà sídìí tábìlì fìlà rẹ̀.

Sàláwù, tó ti lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú Bobo, dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ó rí àmì ara ilẹ̀kùn náà, ó sì dúró gbagidi. Ó wọlé lọ bá Mariama.

“Ìyá Mùsílíù, ta ló ya ìràwọ̀ sára ilẹ̀kùn obìnrin yẹn?”

“Wọ́n ní àmì àjẹ́ ni, pé òun ló mú Jímọ́ọ̀.”

“Àjẹ́ kẹ̀? Nígbà ogun àgbáyé kejì, tí mo ṣe sójà, tí àwọn Jámánì mú wa ní ẹlẹ́wọ̀n ní ilẹ̀ Faransé, mo rí obìnrin kan tó gbé ọmọ dání. Irú ìràwọ̀ yìí, aláwọ̀ ìyeyè, ni wọ́n fipá mú un rán mọ́ àyà, torí pé Júù ni. Ohun iyì ni lọ́dọ̀ àwọn Júù, wọ́n ń yà á sí ilé àdúrà wọn. Àwọn Jámánì ló sọ ọ́ di àmì tí wọ́n fi ń dá ẹni tí wọ́n fẹ́ kó lọ pa mọ̀. Àmì yẹn kan náà ni mo rí lára ògiri mọ́ṣáláṣí ní Mòrókò. Àwọn áfáà wa ń pè é ní òǹtẹ̀ Ànábì Sùlémánù, wọ́n ń yà á sínú tírà. Ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wà nínú ìsìn àwọn ará Íńdíà. Ibi tó bá dé, ohun tí wọ́n fi ń sọ níbẹ̀ yàtọ̀. Kò sí ibi tó ti ń pa ọmọ. Ta ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí?”

Mariama wolẹ̀. “Èmi ni.”

“Kí lo rí lọ́wọ́ rẹ̀?”

“N kò rí nǹkan kan. Ó mọ fìlà rán jù mí lọ ni.”

“Jímọ́ọ̀ ńkọ́?” ni Sàláwù bi í. Nígbà tó gbọ́ pé ilé ni wọ́n fi ọmọ sí, ó sáré gbé Jímọ́ọ̀ àti ìyá rẹ̀ sórí alùpùpù, ó di ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n. Ó ní èéyi ni, pé ikọ́ àti èémí ló ń gbé e láti ara ọmọ kan dé ara èkejì, àti pé ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. “Ká ní ẹ gbé e wá nígbà tí mímí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yára,” ló wí, “ó ṣeé ṣe ká rí nǹkan ṣe sí i.” Kí oòrùn tó wọ̀, Jímọ́ọ̀ ti kú lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Mariama lọ síbi ẹ̀rọ omi, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ lójú àwọn obìnrin. Ramatou wà níbẹ̀. Ó gbé garawa rẹ̀, omi kò tíì kún un, ó sì lọ.

Mariama kọjá sọ́dọ̀ Albertine, ó kúnlẹ̀. Albertine ń di ẹrù.

“Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Mo gbọ́ pé ẹ ti jẹ́wọ́. Ó dára. Àmọ́ àwọn ìyá ọmọ ṣì ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn bí mo bá ń kọjá. N kò lè gbé irú ibi bẹ́ẹ̀.”

Ọkọ̀ ẹrù tó ń lọ sí Dahomey ló bá lọ. Kò sí ẹni tó tún ra fìlà lọ́wọ́ Mariama mọ́, òun náà kò sì rán an mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ẹ bá rí àmì tí ẹ kò mọ̀ lára aṣọ tàbí ilé ẹlòmíràn, ẹ bi onítọ̀hún léèrè kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ. Bí ara ọmọ bá gbóná tí mímí rẹ̀ sì yí padà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ẹ má wá àjẹ́ kiri. Bí ó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ aládùúgbò yín ló ń run yín nínú, ẹ sọ ọ́ fún ara yín pé owú ni, kí ó tó bọ́ sí yín lẹ́nu bí òtítọ́. Ẹni tó bá gba irọ́ yín gbọ́ lè ní ọmọ lẹ́yìn, ọmọ náà ló sì máa jìyà rẹ̀.