Ìtọ́wò Ọjọ́ Keje

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ilẹ̀kùn ilé Ọ̀gá Dáyísí tì pinpin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi onílé ní ìbéèrè.

"Dáyísí, ṣé o tọ́ ọ wò?"

Ohùn obìnrin ni ilẹ̀kùn náà fi sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ fún àdúrà òwúrọ̀. Bàbá náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ló ń bá òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí ilẹ̀kùn ṣí. Kò ṣí. Ó tẹ bọ́tìnnì ara ògiri. Kò ṣí. Ìgbà tó wá gbọ́ tí fáànù afẹ́fẹ́ tó wà lókè àjà ń falẹ̀, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

"Dáyísí, ṣé o tọ́ ọ wò?"

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí ilẹ̀kùn fi ń ṣe bí adájọ́, ó yẹ kí ẹ mọ irú ìlú tí èyí ti ṣẹlẹ̀. Abẹ́-Ìgò ni orúkọ rẹ̀, orí òṣùpá ló sì wà. Àwọn ọmọ Yorùbá tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó fi ìgò nínípọn ṣe òrùlé bo gbogbo ìlú, nítorí kò sí afẹ́fẹ́ lórí òṣùpá. Eruku bí eérú nìkan ló wà níbẹ̀. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n ń pè ní ọpọlọ-ilé. Òun ló ń tan iná, òun ló ń gbé omi kaná, òun ló ń bá ọmọdé kàwé. Inú ọpọlọ-ilé ni ẹ̀ṣọ́ ń gbé. Ẹ̀ṣọ́ kì í ṣe ènìyàn. Ọgbọ́n tí wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ ni, láti máa lé àwọn olè tó ń gba orí wáyà wọlé. Ẹ̀ṣọ́ kan náà yìí ló tún ń ṣọ́ afẹ́fẹ́: bí afẹ́fẹ́ ilé bá dínkù, òun ló máa kígbe, òun ló máa ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Níbi tí ẹ̀rọ bá pọ̀ tó báyìí, àwọn tó fẹ́ràn láti máa tú u wò kò ní ṣàìpọ̀. Ẹgbẹ́ Atúẹ̀rọ ni wọ́n ń pe ara wọn. Kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn, ìfẹ́ ọkàn ni. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, wọ́n á jókòó sí gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ilé omi, kálukú pẹ̀lú síkírúù rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ti tú sílẹ̀ lórí ẹní. Ọ̀kan á ní ọpọlọ-ilé òun ń gbóná bí agbada àkàrà. Òmíràn á bèèrè ẹ̀ṣọ́ tó mú jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó máa ń mú ariwo wá jù ni ọ̀rọ̀ eré àgbéwọ̀, eré tí wọ́n ń dé sórí bí fìlà, tí ènìyàn á fi máa rí ara rẹ̀ nínú igbó tàbí lójú ogun, nígbà tó jẹ́ pé orí àga ilé rẹ̀ ló jókòó sí. Ẹni tí kò bá lè wá á gba etí-agbo dá sí i. Etí-agbo ni okùn ohùn tó so ilé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀ mọ́ gbọ̀ngàn. Nígbà tó bá ti ṣí, ohun tí wọ́n bá sọ nínú ilé kan, gbogbo ilé ló gbọ́ ọ.

Òfin kan ló gbé ẹgbẹ́ náà ró, òun ni ìtọ́wò. Bí ìyá ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò kó tó bù ú fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ gba ẹgbẹ́ nímọ̀ràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo ìmọ̀ràn náà nínú ilé tirẹ̀ fún ọjọ́ méje. Kò sì gbọdọ̀ dá nìkan ṣe é. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í, nítorí a kì í mọ̀. Ẹni tó bá purọ́ ìtọ́wò, irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ẹni tí irọ́ náà pa lára ló máa fi òòlù àti ìṣó lu orúkọ onírọ́ sára rẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn. Láti ogójì ọdún, orúkọ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Àwọn ìdílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kó kúrò ládùúgbò.

Ohùn tó ń ti ẹnu ilẹ̀kùn jáde, ohùn Morádékẹ́ ni. Ilé iṣẹ́ afẹ́fẹ́ ìlú ló ti ń fọ asẹ́ tó ń sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́. Kò kàwé lọ títí. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un, Olúwafijìnmí, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó mọ inú ẹ̀rọ bí ẹni mọ inú àpò ara rẹ̀. Fijìnmí máa ń sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Nítorí náà, ó kọ́ ọpọlọ-ilé wọn pé bó bá ti gbọ́ ìkànkùn ẹyọ kan ṣoṣo, bí òun ṣe máa ń kàn án, kó máa bèèrè pé, "Fijìnmí, ṣé ìwọ ni?" Títí di òní, ìyá rẹ̀ kò pa á rẹ́.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Ọ̀gá Dáyísí, ọ̀kan pàtàkì nínú àgbà ẹgbẹ́, dìde ní àpérò. Ó ní òun rí ọ̀nà tí eré àgbéwọ̀ á fi máa yára bí àṣá: kí ẹ̀ṣọ́ máa sùn nígbà tí eré bá ń lọ. Wọ́n bi í bóyá ó ti tọ́ ọ wò. Ó búra pé, "Ọjọ́ méje gbáko." Lọ́jọ́ kejì, Morádékẹ́ ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá Fijìnmí lórí àga, eré lórí, ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ara rẹ̀ ti tutù. Asẹ́ afẹ́fẹ́ ilé wọn ló dí. Ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kó kígbe ń sùn.

Wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà. Dáyísí ló tú ọpọlọ-ilé wọn wò fún ẹgbẹ́. Ó ní òun tọ́ ọ wò, kò sì ṣe òun ní nǹkan kan. Bóyá ọmọ náà ló ṣe é lódì. Láti ọjọ́ náà ni kò ti yọjú sí gbọ̀ngàn mọ́. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun.

Ọdún náà kò tíì parí tí Morádékẹ́ fi wọ ẹgbẹ́. Sàlámì, aláwàdà ẹgbẹ́, ní, "Ìyá Fijìnmí, ẹ̀rọ tí ẹ ń pè ní ìranù lọ́jọ́sí, ẹ ti wá ń fẹ́ ẹ báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sí ẹ̀yìn, ó ń bèèrè ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Nílé, ó ń gbààwẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú, orí eékún rẹ̀ ló sì ti máa ń sọ pé, "Olúwa, ìwọ lo ni ẹ̀san. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó gba ọwọ́ mi kọjá." Ìṣó kan wà nínú báàgì rẹ̀ tó ti pọ́n títí tó fi ń dán.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ilẹ̀kùn yìí, ó mú ìmọ̀ràn kan wá tó pè ní Atutù, èyí tó ń mú kí ọpọlọ-ilé tutù. Bàbá Látúnjí, olórí ẹgbẹ́, bi í bí òfin ṣe wí.

"Ṣé o tọ́ ọ wò?"

"Ọjọ́ méje, bàbá."

"Ta ló jókòó tì ọ́?"

"Ọlọ́run ni."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Sàlámì ní, "Ẹlẹ́rìí yìí mà ga o! Ta ló máa lọ ránṣẹ́ pè é?" Bàbá Látúnjí kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rántí pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni, ó sì jẹ́ kó kọjá. Dáyísí, tó gbọ́ ọ lórí etí-agbo, tí ẹ̀rọ tirẹ̀ kì í yé gbóná, fi Atutù sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Nínú gbogbo ilé yòókù, ìtutù nìkan ló ṣe. Nínú ilé Dáyísí, ó ń ka ọjọ́.

Ọjọ́ ti wá pé. Gbọ̀ngàn kún, etí-agbo ṣí sílẹ̀, gbogbo wọn sì ń gbọ́ bàbá náà tó ń lu ilẹ̀kùn.

"Ta nìyí? Ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í fi afẹ́fẹ́ ṣeré!"

Morádékẹ́ dìde lórí ẹní. "Èmi ni, Dáyísí. Ìyá Fijìnmí."

Ẹnì kan jẹ́ kí síkírúù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Morádékẹ́," Bàbá Látúnjí sọ ọ́ wẹ́rẹ́, "lọ ṣí ilẹ̀kùn yẹn."

"Ẹ má bínú, bàbá. Kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ìbéèrè méjì ló ní, òtítọ́ nìkan ló lè ṣí i. Ó ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ó máa mọ̀ bó bá ń purọ́. Afẹ́fẹ́ tó kù níbẹ̀ á tó ìdajì wákàtí."

"Ìyá, ìpànìyàn mà nìyẹn!" Sàlámì ti gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀.

"Kí lẹ pe ti ọmọ mi? Ẹ máa lọ. Síkírúù kan tí ẹ bá fọwọ́ kàn lára ilẹ̀kùn yẹn, fáànù á dúró pátápátá."

Sàlámì dúró sójú kan. Ó ti ń bá obìnrin yìí jókòó láti ọdún mẹ́ta, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń de síkírúù. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹlẹ́nu ṣákálá.

Dáyísí ní, "Mo tọ́ ọ wò."

"Irọ́ ni," ni ilẹ̀kùn dáhùn. Fáànù tún falẹ̀ sí i.

Ó wí i lẹ́ẹ̀kejì, ilẹ̀kùn sọ pé irọ́ ni. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbọ́ nígbà tó fi ìdí jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ó dára. N kò tọ́ ọ wò."

Ariwo sọ nínú gbọ̀ngàn. Morádékẹ́ di ìṣó inú báàgì rẹ̀ mú títí ó fi gún un lọ́wọ́. Bàbá Látúnjí gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ó ti jẹ́wọ́, ọmọ mi. Ó ti tó."

"Kò tó, bàbá. Mo fẹ́ mọ ìdí."

Ilẹ̀kùn náà sì ti ń bèèrè: "Kí ló dé tí o fi purọ́?"

"Ìgbéraga ni."

"Irọ́ ni."

"Ọ̀lẹ ló ṣe mí."

"Irọ́ ni."

Nígbà tí Dáyísí tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti ń fà. "Morádékẹ́, mo máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n pa etí-agbo ná. Ìwọ nìkan ni kó gbọ́ ọ."

"Hẹn-ẹn! Ojú ti wá ń tì ọ́? Ojú gbogbo ayé lo ti purọ́, ojú gbogbo ayé náà lo máa ti jẹ́wọ́."

"Nítorí Ọlọ́run tí ò ń sìn."

"Òun ló fi ọ́ lé mi lọ́wọ́."

"Pa etí-agbo náà," Bàbá Látúnjí wí. "Àgbàlagbà kì í bẹ irú ẹ̀bẹ̀ báyìí lásán."

"N kò lè pa á, bàbá. Mo ṣe é tí kò fi ní ṣeé pa títí di ọ̀la."

Ìgbà náà ni Dáyísí mí kanlẹ̀.

"Ìmọ̀ràn yẹn kì í ṣe tèmi. Fijìnmí ló ni ín. Ẹni tí kò bá pé ọdún mọ́kànlélógún kò lè sọ̀rọ̀ ní àpérò, ó ní kí n bá òun sọ ọ́. Ó ní kí màmá òun tó mọ̀, kí gbogbo ẹgbẹ́ ti máa yin ọgbọ́n òun, kí ìwọ má lè pe ẹ̀rọ ní ìranù mọ́. Mo bi í pé ṣé ó tọ́ ọ wò. Ó ní ọjọ́ méje. Mo bi í pé ta ló jókòó tì í." Ikọ́ gbà á. "Ó ní màmá òun ni."

Dáyísí ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Mo gbà á gbọ́, mo sì búra lé e. Ìgbà tí mo tú ọpọlọ-ilé yín wò ni mo rí i pé ọjọ́ kẹfà ìtọ́wò ló wà, òun nìkan ló sì ń ṣe é. Orúkọ rẹ̀ ni wọn ìbá lù mọ́ irin. Mo ní kí ẹ kúkú máa fura sí mi."

"O ṣeun," ni ilẹ̀kùn wí, ó sì ṣí.

Sàlámì ló lọ pọn Dáyísí wá sí gbọ̀ngàn. Wọ́n fún un lómi. Bàbá Látúnjí bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Ó ní, "Ohun tí gbogbo ilé ti gbọ́, a kò lè ní a kò gbọ́ ọ. Orúkọ mẹ́ta la máa lù kún ti ara irin. Dáyísí búra èké. Ọmọ náà purọ́. Morádékẹ́, ìwọ náà, kò sí ẹni tó jókòó tì ọ́."

"Ẹ yọ ti ọmọ kúrò," Dáyísí bẹ̀bẹ̀. "Ó ti kú, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá Látúnjí ní, "Àwọn mẹ́ta tó ti wà lára irin tẹ́lẹ̀, èwo ni kò tíì kú nínú wọn? Ẹni tí irọ́ pa lára ni kó dìde. Tìrẹ àti ti ọmọ, Morádékẹ́ ló máa lù wọ́n. Ti Morádékẹ́, ìwọ ni."

Morádékẹ́ mú ìṣó rẹ̀ jáde. Ó lu orúkọ Dáyísí wàràwàrà. Ọdún mẹ́ta ló ti ń fojú inú wo bó ṣe máa dùn tó. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń jẹ oúnjẹ nígbà tí ibà mú un. Lẹ́yìn náà ló gbé ìṣó sí abẹ́ rẹ̀ láti lu ti Fijìnmí. Irin náà kò dúró gbọn-in lábẹ́ ìṣó. Dáyísí fà sún mọ́ ọn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di irin náà mú fún un.

Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró: kó!

Etí-agbo ṣì wà ní ṣíṣí. Ìró náà dé gbogbo ilé, ó dé ilé Morádékẹ́, níbi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni. Láti ibẹ̀, ọpọlọ-ilé dáhùn, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbọ́ ọ:

"Fijìnmí, ṣé ìwọ ni?"

Morádékẹ́ tún gbé òòlù sókè.