Ìjókòó Olùpẹjọ́

Ọ̀pá ni Ṣayọ̀ fi ń tilẹ̀ wọ kóòtù l'Ápápá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó gbé orí sókè, gèlè rẹ̀ dúró ṣánṣán bíi ti ẹni tó ń lọ gba oyè. Olúwakóredé, tó ti jókòó níwájú, gbàgbé ohun tí lọ́yà ń bá a sọ.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ọmọbìnrin náà wá jókòó sí.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, ìhín ni ti olùjẹ́jọ́," ni ó rọra wí. "Ọ̀hún ni ti olùpẹjọ́."

"Olùpẹjọ́ ni wọ́n pè mí. Ṣé ẹni tó jẹ̀bi kọ́ nìyẹn? Tírélà ló kọlù mí ní Creek Road. Ta ni mo wá ṣẹ̀?"

"Ẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Olùpẹjọ́ ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, tó wá bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Olùjẹ́jọ́ ni yóò dáhùn."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ó wolẹ̀. "Bàbá mi ló ni tírélà náà. Èmi ló rán wá dúró fún òun."

Ṣayọ̀ wò ó títí, ló bá rẹ́rìn-ín. "Ọ̀tá tó ń júwe àga fún mi rèé."

Nígbà tí Kóredé kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Ṣayọ̀ l'Ájégúnlẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ lòun wá bèèrè. Nígbà tó tún lọ, kò rí àwáwí kankan ṣe. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára.

"Mo ti kìlọ̀ fún Dádì pé bíréèkì ọkọ̀ náà ò dáa," ló jẹ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Bí mo bá sọ ọ́ ní kóòtù, ilé wa á dàrú."

"Olólùfẹ́ mi, má sọ ọ́ nítorí mi. Bí o bá máa sọ ọ́, sọ ọ́ torí pé òótọ́ ni."

Ó sọ ọ́. Ṣayọ̀ jàre. Alàgbà Dáramọ́lá, bàbá Kóredé, ní kí ọmọ òun má fẹsẹ̀ tẹ ilé òun mọ́.

Ṣayọ̀ ló ní kí àwọn lọ bá bàbá ní GRA. Ẹnu géètì ni Kóredé dúró sí. Láti ọjọ́ tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, bàbá ò rí ọmọbìnrin náà sójú rí. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń wò ó bó ṣe ń fi ìrora gun àtẹ̀gùn. Kó tó dókè, bàbá ti sọ̀ kalẹ̀ wá, ó di apá rẹ̀ mú.

"Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Mi ò wá bá yín ṣọ̀rẹ́, sà. Mo wá ṣe ọmọ yín ni."

Bàbá nawọ́ sí ẹnu géètì.

"Kóredé, kí lo dúró ṣe níta? Wọlé, kí o bá mi bẹ ìyàwó rẹ." Ó yíjú sí Ṣayọ̀. "Ọjọ́ wo la lè wá kí àwọn òbí rẹ?"

"Ẹ bi ọmọ yín, sà. Òun ló ń kánjú."