Bàtà Tó Ṣáájú Glenys Dé

Bàtà ni Madame Fargeot kọ́kọ́ nà sí Glenys, kó tó fẹnu kàn án ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ọmọ mi, o gbàgbé èyí lọ́jọ́ yẹn. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti wà lẹ́yìn ààrò, kò gbẹ."

Glenys wo bàtà náà. Okùn ẹsẹ̀ òsì ti já, òwú aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi so ó. Ó wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Bàtà kan náà ló wọ̀, òwú kan náà ló wà lára ẹ̀.

Madame Fargeot náà rí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìí, bàtà tí ò dáa gan-an, wọ́n á ra méjì ẹ̀. Ló bá gbé e sábẹ́ àga kẹta nídìí tábìlì.

Òótọ́ ibẹ̀ rèé. Ọdún mọ́kànlá ni Wilf, bàbá Glenys, fi dá gbé inú ilé olókùúta yìí nílẹ̀ Faransé, lẹ́yìn igbó, níbi tí ọ̀dà ọ̀nà ti tán. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, Madame Fargeot tó jẹ́ aládùúgbò ẹ̀ pe Glenys lórí fóònù ní Crewe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé kó máa bọ̀ kíá, bàbá ń bèèrè ẹ̀. Glenys wa mọ́tò dé etíkun Portsmouth, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra lọ sí Faransé. Ó ti gba tíkẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ àyà ẹ̀ já, kò fẹ́ rí ojú ẹni tó ń kú. Ó jókòó sínú mọ́tò, ó ń jẹ ẹja àti ànàmọ́ díndín, títí ọkọ̀ ojú omi fi fọn fèrè, tó lọ. Ló bá pe Madame Fargeot, ó ní ìjì ń jà, ọkọ̀ ò gbéra. Bàbá kú lọ́jọ́ kejì. Wọ́n sin ín, Glenys ò yọjú.

Èébú ló ń retí báyìí tó wá palẹ̀ ẹrù bàbá mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gba ọwọ́ òsì lójú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ nílé lọ́hùn-ún, tírélà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Àfi bó ṣe bá ọbẹ̀ gbígbóná, tí ìyá yẹn gbé e síwájú ẹ̀.

"O ṣe ọmọ," ni Madame Fargeot wí.

Ó ní gbogbo abúlé ló ń sọ ọ́: bí Glenys ṣe wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ tí bàbá kú, tí aṣọ ẹ̀ rin gbingbin, tí iyọ̀ gbẹ sí irun ẹ̀. Glenys ní nígbà tí ọkọ̀ ò gbéra, òun fẹsẹ̀ rìn wá ni. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Ó di ọwọ́ bàbá mú títí èémí fi tán, ó fi ẹ̀ka ewé wọ́n omi mímọ́ sí i lára, ó dá agogo ara ògiri dúró, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún òkú níbẹ̀.

"Àmọ́ ọwọ́ ẹ tutù jù lọ́jọ́ yẹn o."

Ó yẹ kí Glenys sọ̀rọ̀ nígbà náà. Kò sọ. Ìyìn yẹn dùn mọ́ ọn, ó gbé e mì bí olè tó bá ẹran nínú ìkòkò onílé. Ojú ń tì í, síbẹ̀ ó gbé e mì.

"Kí ni bàbá sọ sí ẹ létí ná?"

Glenys wolẹ̀. "Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí, mà."

Madame Fargeot rọra gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Kì í ṣe ohun tó o sọ fún wa lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, nígbà tó ò ń lọ. O ní, 'Bàbá mọ̀ pé ọkọ̀ gbéra.' Kò yé wa. Kí ló túmọ̀ sí?"

Omi inú bàtà ti ṣàn gba abẹ́ tábìlì dé ẹsẹ̀ Glenys. Ó tutù. Ó ń rùn bí etíkun.

"Ó gbéra," ni Glenys wí, ohùn ẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Mo wà níbẹ̀. Mò ń wò ó."

Ìyá arúgbó yẹn ò bú u. Ó kàn nawọ́, ó gbé abọ́ ọbẹ̀ kúrò níwájú ẹ̀, ó gbé e síwájú àga kẹta, níbi tí omi ti ń kán látorí ìjókòó tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí.

"Ẹni tó wá ni mo sè é fún," ló wí.