Àyè Tó Ṣófo Lórí Ẹ̀rọ Ilé Ìdáná

"Ó tún ti kọ̀!" Kíákíá fọwọ́ lu tábìlì, ó sì pòṣé.

Aláwò sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Òun àti Kíákíá, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni wọ́n kọ ètò tí àwọn alásè ilé-ìwé fẹ́ máa lò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ nọ́ńbà rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ, kọ̀ǹpútà ilé ìtọ́jú aláìsàn tó wà nílé-ìwé á fi orúkọ rẹ̀ àti oúnjẹ tí ara rẹ̀ kò gbà ránṣẹ́ sí ti ilé ìdáná. Orúkọ ń dé dáadáa. Àyè tó yẹ kí oúnjẹ tí ara kò gbà wà ló ń dé lófìfo, ètò náà á sì dá iṣẹ́ dúró.

"Ká wo ohun tí ilé ìtọ́jú fi ránṣẹ́ gan-an, ká fi wé ohun tó dé ọ̀dọ̀ wa," Aláwò ní.

"Ìgbà wo la fẹ́ ṣèyẹn? Ọ̀la ni ọ̀gá àgbà ń bọ̀ wá wò ó! Kọ ọ́ pé tó bá ti ṣófo, kó gbà pé kò sí. Ọmọ mélòó lara wọn ń kọ oúnjẹ?"

Ọkàn Aláwò kò gbà á, ṣùgbọ́n ó ti ń rí ara rẹ̀ lórí pèpéle, tí gbogbo ilé-ìwé ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó kọ ọ́. Àṣìṣe náà pòórá.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pàtẹ́wọ́ lóòótọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọbìnrin kékeré kan ní kíláàsì àkọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Ara ọmọ yìí kì í gba ẹyin. Màmá alásè wo ojú ẹ̀rọ, ó rí "Kò sí," ó sì bu ẹran lílọ̀ fún un. Ẹyin ni wọ́n fi pò ó, ọmọ náà kò sì lè mọ̀.

Kò tíì jẹ ẹ́ tán tí ètè rẹ̀ fi wú, tí ojú rẹ̀ wú dí, tí èémí rẹ̀ ń han. Ó bì sílẹ̀ gbuuru. Nọ́ọ̀sì sáré dé, ó gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú.

Kíákíá fọwọ́ bo imú. "Ẹ wo ìdọ̀tí! Ṣebí alásè ló gbé e fún un? Aláwò, panu mọ́ o. A ó yọ ìlà yẹn kúrò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Kì í ṣe èébì ló kó Aláwò nírìíra, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ó wo màmá alásè tó kúnlẹ̀ tó ń nu ilẹ̀, tó ń sunkún pé, "'Kò sí' ni mo kà, ẹ gbà mí o." Nígbà náà ni ìwà òun fúnra rẹ̀ náà wá kó o nírìíra.

Ó lọ bá tíṣà kọ̀ǹpútà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe màmá alásè. Àwa la kọ́ ẹ̀rọ náà kó máa purọ́."

Tíṣà wò ó bí ẹni tó ṣí ìkòkò ọbẹ̀ tó ti kan. "Lọ wá ìdí ẹ̀," ló kàn sọ.

Aláwò to ohun tí ilé ìtọ́jú ń fi ránṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Ilé ìtọ́jú pe àyè náà ní "eewo", láìfàmì sí i. Àwọn kọ tiwọn ní "èèwọ̀", pẹ̀lú àmì lórí. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ìgbà téèyàn lè fi mu omi tán, ó ti rí i.

Ó lọ bẹ̀bẹ̀ ní ilé ìtọ́jú. Ọmọ náà ti ń mí dáadáa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì wú. Aláwò na ọwọ́ sí i.

"Má fọwọ́ kan ọmọ mi," ìyá ọmọ náà ní. "Ẹ ò mọ̀, ẹ wá kọ ọ́ pé kò sí. Ta ní ń ṣe bẹ́ẹ̀ sọ́mọ ọlọ́mọ?"

Wọ́n yọ Aláwò àti Kíákíá kúrò nínú ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà, Kíákíá kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀rọ yẹn ti sọ òtítọ́ pé òun kò mọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ló pa á lẹ́nu mọ́. Bí ẹ kò bá mọ nǹkan, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì wá a. Ẹ má fi irọ́ dí àyè rẹ̀, torí ẹlòmíràn ló máa jẹ ẹ́.