Ìṣẹ́jú Márùn-ún Kò Lè Gbé Bátìrì Ró

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀, bí aago kan ọ̀sán bá ti ń sún mọ́lé, Alhaja Mùlíkàt a mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ọkọ rẹ̀, a jáde síwájú ilé wọn ní ìlú Glenarden, lókè òkun. A jókòó sídìí stíárín, a ṣíná, a tan ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná, a sì ka Fátíhà fún olóògbé. Tó bá di ìṣẹ́jú márùn-ún, a pa ọkọ̀, a padà wọlé.

Láti oṣù kẹsàn-án ni Alhaji Mùtàlíbù, ọkọ rẹ̀, ti kú. Opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni Alhaja ń ṣe, kì í lọ síbì kankan. Texas ni Ameen, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń gbé. Tẹlifóònù a máa dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n tẹlifóònù kì í báni jẹun. Inú mọ́tò yẹn nìkan ló kù tí Alhaja ti ń gbóòórùn ọkọ rẹ̀, tẹ̀sùbáà Alhaji ṣì wà lára dígí níbi tó fi í kọ́ sí.

Ameen fẹ́ ta mọ́tò náà. Alhaja kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí opó bá ti parí, òun fúnra òun ni yóò máa wà á lọ sí mọ́sáláṣí, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni ti ń pe orúkọ òun mọ́. Ameen ní kò burú, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà bá fi lè já màmá òun kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, òun yóò ní kí wọ́n wá wọ́ ọkọ̀ náà lọ tà.

Ọjọ́ tí opó parí pé. Jímọ́ọ̀ ni, òjò wínníwínní sì ń rọ̀. Àwọn obìnrin mọ́sáláṣí ti ní àwọn yóò wá gbé Alhaja, ó ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu. Ó múra, ó jókòó sínú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ ní tá-tá-tá. Ó tún yí i, kò tilẹ̀ dún mọ́. Alhaja gbé orí lé stíárín, ó sunkún títí. Lójú rẹ̀, Alhaji ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kú ni.

Adérónkẹ́, aládùúgbò rẹ̀ tó ń tún bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ṣe, ló tibi iṣẹ́ dé tó rí i. Ó kan fèrèsé.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Alhaja. Ìgbà wo lẹ wà á jáde kẹ́yìn, mà?”

“Mi ò wà á jáde, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé ẹ̀. Every Friday ni mo ń start ẹ̀ fún five minutes.”

Adérónkẹ́ mi orí. “Five minutes yẹn ló pa battery yín, mà. Agbára tí mọ́tò fi ń ṣíná pọ̀. Tẹ́ ẹ bá tètè pa á, kò tíì dá ohun tó mú padà. Ẹ tún ń tan heater lé e, òtútù náà ò sì jẹ́ kó gbádùn.”

“Mo sì rò pé mò ń tọ́jú ẹ̀ ni.”

“Ẹ tọ́jú ẹ̀, mà. Ẹnì kankan ò sọ fún yín ni.”

Ó ní òun lè fi wáyà ṣíná fún un láti ara ọkọ̀ òun, ṣùgbọ́n iná iwájú ńkọ́? Oòrùn ti pa ike tó bo iná náà dà, ó pọ́n, ó ṣú. Alhaja tiẹ̀ ti fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn onírin bá a jà rí, ojú rẹ̀ wá di kìkì àpá. Nínú òjò yìí, kò ní rí ọ̀nà, ẹni tó ń bọ̀ náà kò ní rí i. Adérónkẹ́ fẹ́ fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé e lọ, àmọ́ àkókò ìrun ti kọjá. Alhaja nìkan ló kírun nínú yàrá lọ́jọ́ náà, kò sì jẹ́ kí Ameen gbọ́.

Nígbà tó di Sátidé, oòrùn yọ. Adérónkẹ́ gbé ṣájà wá, irú èyí tó ń dá ara rẹ̀ dúró bí bátìrì bá ti yó. Lẹ́yìn náà ló fi tépù yí iná iwájú ká kí ọ̀dà ọkọ̀ má bàa bó. Ó fi omi àti sánpépà kúnná ha ike náà, ó tún fi èyí tó kúnná jù ú lọ ha á, ó fi oògùn tó ń mú nǹkan dán nù ún, ó sì wá kun oògùn tó ń lé oòrùn lé e. Ó ní bí èyí tó kẹ́yìn yẹn kò bá sí, kò ní pẹ́ tí yóò fi pọ́n padà. Alhaja fúnra rẹ̀ ló ṣe iná kejì. Wọ́n jọ jẹ ìrẹsì; Adérónkẹ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò bá a jẹun nínú ilé náà láti ọjọ́ fìdáù Alhaji.

Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, òjò tún rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí Alhaja yí kọ́kọ́rọ́ ni ọkọ̀ dáhùn. Ọ̀nà tó jìn ló gbà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko, kí bátìrì lè jẹun yó. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, ẹnì kan pè é láti ẹ̀yìn pé, “Mùlíkàt!” Ó yíjú padà, ó dáhùn.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọkọ̀ tí ẹ gbé kalẹ̀, yálà ẹ fẹ́ lọ sílé fún oṣù mẹ́ta ni tàbí olówó rẹ̀ ti kú, ẹ má máa tan án fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ pa á. Ẹ wà á jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, tàbí kí ẹ so ó mọ́ ṣájà tó ń dá ara rẹ̀ dúró. Ẹ má ṣíná fún un nínú gáréèjì tí ẹ tì pa, èéfín rẹ̀ ń pani láìní òórùn. Ẹ gbé e kúrò lójú oòrùn tàbí kí ẹ bò ó, bí iná iwájú bá sì ń pọ́n, ẹ tètè tún un ṣe kí ó tó ṣú. Bí ẹ bá sì rí aládùúgbò yín tó jókòó sínú ọkọ̀ tí kò lọ síbì kankan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ kan fèrèsé.